Agbọ́másọ àti Obìnrin Inú Fóònù

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun mọ obìnrin tí àṣírí ìlú kún inú rẹ̀ bí omi ṣe ń kún àgbá, tí kò sì ta ẹyọ kan sílẹ̀ rí, ẹ má bá a jiyàn. Mo mọ obìnrin náà dáadáa. Agbọ́másọ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Kì í ṣe ọlọ́pàá. Akọ̀wé ni, tí ìjọba gbà sí yàrá kan lẹ́yìn ọ́fíìsì àwọn ọlọ́pàá, yàrá tí kò ní fèrèsé, tí fáànù rẹ̀ ń kérora bí ẹni tí eyín ń dùn. Bí adájọ́ bá ti fọwọ́ sí ìwé àṣẹ pé kí wọ́n máa gbọ́ fóònù ọ̀daràn kan, Agbọ́másọ ni yóò gbé ẹ̀rọ sétí, tí yóò máa tẹ ohun tó bá gbọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n òfin so okùn mọ́ etí náà. Ọ̀rọ̀ tí ìwé àṣẹ dárúkọ nìkan ló gbọ́dọ̀ gbọ́. Bí olè bá ń sọ ti olè jíjà, kó máa gbọ́ ọ lọ. Bí olè bá pe ìyá rẹ̀ láti béèrè orúnkún tó ń dùn ún, kó tẹ bọ́tìnnì pupa, kó bọ́ ẹ̀rọ kúrò létí, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ náà yóò sì dákẹ́. Tó bá ṣe díẹ̀, a tún gbé e sétí wò. Bí wọ́n bá ṣì wà lórí orúnkún, a tún bọ́ ọ.

Nítorí náà, ìtàn tí kò lórí tí kò nídìí ló kún inú rẹ̀. Ó mọ ẹni tó lóyún, kò mọ ẹni tó bí. Ó mọ ẹni tó bú ẹkún, kò mọ ẹni tó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Nílé, àbúrò rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé kì í jẹ́ kó sinmi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bù díẹ̀ fún wa nínú ohun tí ẹ gbọ́ lónìí."

"Mo gbọ́ pé o ò tíì fọ abọ́."

"Ẹnu yín yìí! Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sin yín, òun nìkan ni kòkòrò ò ní rí ṣí."

Wọn a rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú wọn.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, fóònù ọkùnrin kan tó ń ta ọkọ̀ àlòkù ló wà létí rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n jí ló ń tà. Ìwé àṣẹ sì là á mọ́lẹ̀: ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nìkan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ohùn obìnrin ló jáde nínú ẹ̀rọ. Ìyàwó ọlọ́kọ̀ ni. Ọkọ ti la fóònù ìyàwó mọ́ ògiri, nítorí náà, bí ọkọ bá ti wọ ilé ìwẹ̀, òun a yọ́ mú ti ọkọ, a fi pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó tún ti bẹ̀rẹ̀ o."

Agbọ́másọ tẹ bọ́tìnnì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Nígbà tó tún gbé e sétí: "… lórí àtẹ̀gùn níbẹ̀ ló dì mí mú, ó ní ọjọ́ tí òun bá tì mí, kò sẹ́ni tó máa bi òun …" Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó bọ́ ẹ̀rọ kúrò létí, ṣùgbọ́n ta ló máa bá a bọ́ ọ kúrò láyà?

Ó dìde, ó lọ bá ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ọkùnrin yìí máa pa ìyàwó rẹ̀."

"Ṣé ọkọ̀ ló fẹ́ fi pa á ni?"

"Rárá, sà. Àtẹ̀gùn ni."

"Ìyá, àtẹ̀gùn ò sí nínú ìwé àṣẹ."

Ẹ má bínú sí ọ̀gá. Ìkà kọ́ ni, ẹ̀rù ló ń bà á. Ọlọ́pàá kan ti wà ní ọ́fíìsì náà rí tó ń gbọ́ fóònù oníṣòwò oògùn olóró. Ó gbọ́ tí ọkùnrin náà ń sunkún fún dókítà pé òun ò lè ṣe ojúṣe ọkọ mọ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ọtí, gbogbo àdúgbò sì fi ń ṣe ẹlẹ́yà. Nígbà tí adájọ́ gbọ́, ó da gbogbo ẹjọ́ náà nù, ó ṣí ilẹ̀kùn fún oníṣòwò, ó sì ti ọlọ́pàá mọ́lé dípò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ojora ti mú wọn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ọ̀gá ní, "Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan."

Bẹ́ẹ̀, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, ọlọ́pàábìnrin kan wà tó jẹ́ pé ìjà tọkọtaya gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Òun àti Agbọ́másọ ló jọ máa ń jẹun ọ̀sán.

"Mọ̀mí, ẹ ò jẹun. Ta ló ṣẹ̀ yín? Ẹ dárúkọ rẹ̀, kí n lọ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́."

"Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí."

"Ó dáa, ẹran yín ti di tèmi nìyẹn."

Agbọ́másọ la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n. Ó fi omi tì í padà. Mo ti wo odò tó gbé odindi ilé lọ, mo ti wo kòtò tí oòrùn kì í dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tó jìn tó àárín àga méjì yẹn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni obìnrin inú fóònù tún pè. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n máa bọ̀ nílé lónìí. Ẹ jọ̀ọ́. Bí mo bá sùn síbí …"

Ìka Agbọ́másọ ti lọ bá bọ́tìnnì pupa kó tó ronú. Ọdún pípẹ́ ló ti kọ́ ìka náà. Ó jókòó, ẹ̀rọ wà lọ́wọ́, ó ń wo ògiri. Nígbà tó tún gbé e sétí, ohun tó gbọ́ ni: "… ó dáa, ẹ bá mi kí màmá." Fóònù sì kú.

Ohùn obìnrin náà kò wá mọ́. Ọkọ ló tún pè, ó ń sọ fún ọmọọṣẹ́ rẹ̀ pé kó kó ọkọ̀ méjì tó wà nínú ọgbà kúrò kíá, nítorí èrò fẹ́ máa wọlé wá bá òun kẹ́dùn. Ìyàwó òun já bọ́ lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nìyẹn. Agbọ́másọ tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà láìfi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, omijé sì ń kán sórí ọwọ́ tó fi ń tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n mú ọkùnrin náà nítorí ọkọ̀, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù. Ibẹ̀ ni lọ́yà ìjọba ti mú ọ̀rọ̀ ìyàwó jáde, èyí tí ẹ̀rọ gbà díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Lọ́yà ọkùnrin náà fò dìde: "Olúwa mi, ọkọ̀ nìkan ni ìwé àṣẹ dárúkọ!"

Adájọ́ náà, obìnrin arúgbó kan tó fi awò ojú sí ṣóńṣó imú, ní, "Jókòó." Ó yíjú sí ọ̀gá. "Òfin ní kí ẹ má gbé ohun tí ẹ gbọ́ síta. Òfin kan náà ló ní bí ẹ bá ṣèèṣì gbọ́ pé wọ́n fẹ́ pa ènìyàn, ẹ lè sọ ọ́ fún ọlọ́pàá tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ọn, kí ẹ sì wá gbàṣẹ lọ́dọ̀ mi. Ta lẹ sọ fún?"

Ọ̀gá ń wo bàtà rẹ̀.

"Mo ní, ta lẹ sọ fún?"

Agbọ́másọ, tó ń dúró ti ẹ̀rí jíjẹ́, gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí adájọ́ àti àwọn lọ́yà sì wọ yàrá adájọ́ lọ gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀, àjákù ni: ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín, ìdákẹ́jẹ́ gígùn lọ́hùn-ún. Adájọ́ ní òun ò lè fi ìdákẹ́jẹ́ dá ènìyàn lẹ́bi ìpànìyàn. Ẹ̀wọ̀n ọkọ̀ nìkan ni ọkùnrin náà gbà.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù, ìyá olóògbé wá bá Agbọ́másọ, ọmọkùnrin ìyá náà dì í lápá mú. Kí Agbọ́másọ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìyá arúgbó ti kúnlẹ̀ fún un, orúnkún méjèèjì nílẹ̀.

"Ọmọ mi, wọ́n ní ìwọ lo gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ní kíkí lásán ló pe òun kí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Màmá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni ọmọkùnrin náà ń wí.

Ọ̀gá pariwo láti ẹ̀yìn: "Ìyá! Ẹ rántí òfin o!"

Agbọ́másọ náà kúnlẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó gbé ohun tó gbọ́ síta. Gbólóhùn náà ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò sì fún un ní ìdúpẹ́ kankan.

"Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa bọ̀ nílé, Mà."

Ìyá arúgbó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Kí lo wá sọ fún un?"

Ọmọkùnrin náà jọ̀wọ́ apá ìyá rẹ̀. Ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó jáde, kò wẹ̀yìn.

Ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un nìyẹn. Ìyá arúgbó tún di ọwọ́ Agbọ́másọ mú.

"Ìwọ ló wà níbẹ̀. Ṣé ó gbà kó máa bọ̀? Àbí ó kọ̀ fún un?"

"Mi ò gbọ́ ọ, Mà. Mo ti bọ́ ọ kúrò létí."

"Díẹ̀ báyìí náà ńkọ́?"

"Mi ò gbọ́ ọ, Mà."

Àwọn méjèèjì wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, tí àwọn èrò kóòtù ń yà fún wọn bí ẹni yà fún ohun tó dà sílẹ̀.