Kọ́ńgò Gàrí Tí Kò Ní Èènì

Òórùn kíkan gàrí tuntun wà nímú mi láàárọ̀ Sátidé yẹn. Mo ń tú u sínú ọpọ́n ní ìsọ̀ wa ní Ọjà Ọba nígbà tí àbúrò màámi dé láti ilé ìwòsàn. Ó ní wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún màámi, yóò tó oṣù kan kí ó tó padà sọ́jà. "Má jẹ́ kí àwọn oníbàárà rẹ̀ tú ká o." Ó wọ ọkọ̀ padà sọ́dọ̀ màámi ní Ìyìn.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà náà. Èmi àti màámi nìkan la jọ ń gbé.

Ẹ̀yin tá a jọ ṣe sẹ́kọ́ńdírì á rántí pé wọ́n ń kọ́ wa ní òwò ṣíṣe. Tísà wa ní ẹni tó bá ń bu èènì fún oníbàárà ń fọ́n èrè rẹ̀ dànù. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fàlà sí i nídìí. Màámi kò kàwé, tirẹ̀ ni pé, "Èènì kì í ṣe gàrí, ìkíni ni." Mo rò pé mo gbọ́n jù ú lọ.

Nígbà tí ìyá kan tó ti ń rà lọ́wọ́ màámi tipẹ́ dé, mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí kọ́ńgò títí ó fi tẹ́jú, mo dà á sápò rẹ̀. Ó ṣì ya ẹnu àpò sílẹ̀.

"Ó parí, mà."

"Ó parí? Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ahun ni wọ́n ń kọ́ yín níléèwé ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé àpò, ó lọ.

Ìgbà tí màámi bá ń bu èènì ni wọ́n máa ń jókòó, tí wọ́n á béèrè ará ilé. Èmi ò fún wọn láyè. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ìsọ̀ òdìkejì ni wọ́n ń yà sí. Ariwo ọjà kún etí mi, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ títí dìrọ̀lẹ́.

Màámi padà dé, ó ti rù. Kò béèrè ọjà rárá. "Àwọn wo ló béèrè mi?"

"Gbogbo wọn ni, mà." Inú rẹ̀ dùn. Mi ò jẹ́wọ́ títí ó fi kú.

Mo tún kọ́ ẹ̀kọ́ òwò sí i lẹ́yìn náà. Ọṣẹ olómi tí mo ń ṣe fúnra mi ni mò ń tà ní Fájuyì báyìí. Mi ò gbọ́n tó ọmọ ìjọ́sí yẹn mọ́. Ọ̀rọ̀ mi pẹ̀lú àwọn oníbàárà ti pọ̀ jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ebi ń pa ọmọbìnrin mi, ó ní kí ló dé tí mi ò jẹ́ kí oníbàárà máa lọ.

Mo ní, "Ọjà kún fọ́fọ́ nígbà kan, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Jẹ́ kí n bi wọ́n léèrè ará ilé wọn tán, màá bu oúnjẹ fún ẹ."