Ilé Tó Lọ Kí Àna

Má-fà-mí, káfíńtà ọkọ̀, ń mu tíì nínú ilé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ni ilé náà gbéra, ó forí lé òdìkejì adágún.

Orí àgbá òfìfo tó dè pọ̀ ló kọ́ ilé ọ̀hún sí, nítorí ó ní òun kò lè máa fẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀ kí òun tó sùn. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún un pé kó so ilé mọ́ òpó èbúté. Ó ní ìyẹn yóò jẹ okùn jù. Ó so ilé mọ́ ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀, ó wá so ọkọ̀ mọ́ òpó. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ó tú ọkọ̀ kúrò lára òpó, ó fẹ́ lọ pẹja. Ó rántí fìlà. Ó wọlé lọ mú un, ó bá tíì gbígbóná lórí tábìlì, ó jókòó tì í. Nígbà tí ìyàwó fi máa ṣí fèrèsé láti da omi nù, òpó èbúté ti kéré bí igi ìṣáná.

"Bàbá," ni ìyàwó wí, "a ti ń lọ."

Ó wo ìta, ó mu tíì tó kù. "Mo mọ̀. Mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ jẹun ni."

Láàárín adágún, apẹja kan tó ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì sáré bá wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ju okùn sí mi, kí n fà yín padà."

"Ṣé mo sọ fún ẹ pé mo sọnù ni?"

"Rárá, sà."

"Ṣé o mọ ibi tí mò ń lọ?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà."

"O ò mọ ibi tí mò ń lọ, o fẹ́ fà mí. Jọ̀ọ́, má fà mí."

Ibẹ̀ lorúkọ náà ti wá. Ohun tí apẹja yẹn kò mọ̀ ni pé Má-fà-mí pàápàá kò mọ ibi tí òun ń lọ.

Afẹ́fẹ́ gbé wọn dé ibi tí adágún ti ya wọ ilẹ̀ rọ̀gbọ̀dọ̀ bí inú abọ́, ó sì fi ilé náà tì sí iwájú ilé ìyá ìyàwó. Nínú gbogbo etí adágún, ibi kan ṣoṣo yìí ni Má-fà-mí ti búra pé òun kò ní fẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́ láyé.

Ìjà òun àti ìyá ìyàwó rẹ̀ ti pẹ́. Ìyá náà ti fi ọkọ̀ gbé èrò lórí adágún títí eegun rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Nígbà tí ọkọ ọmọ rẹ̀ gbé e sínú ọkọ̀ tuntun kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ó bi í lójú àwọn oníbàárà pé, "Káfíńtà, ṣé ó rẹ ọkọ̀ yìí ni, tó fi ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀?" Má-fà-mí búra pé òun kò ní tẹ ilẹ̀ ìyá mọ́. Ìyá náà búra pé ìdí òun kò ní kan ọkọ̀ rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà ni ìyàwó ti ń tukọ̀ lọ, tó ń tukọ̀ bọ̀, láàárín àwọn méjèèjì. Ohun kan ló ń wá: kí ọkọ òun àti ìyá òun rẹ́ kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Ìyá jáde tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Má-fà-mí ṣí fìlà lójú fèrèsé.

"Ẹ káàárọ̀, mà. N kò wá sílé yín o."

"Mo rí i. Ilé rẹ ló wá sílé mi."

"Ilé mi ti dàgbà, mà. Ibi tó bá wù ú ló ń lọ."

Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ilé náà padà. Ó ní afẹ́fẹ́ tó gbé òun wá yóò gbé òun lọ. Ìyàwó gbé pátákó kan sáàárín ilé méjèèjì, ó ń rìn lórí rẹ̀ lọ kí ìyá rẹ̀. Ní alaalẹ́, ọkọ a máa gbàdúrà kí afẹ́fẹ́ yí, ìyàwó a sì ṣe àmín sí nǹkan mìíràn nínú ọkàn rẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni ìyá ń rí nǹkan wò. Nítorí ìgbì tó ń da abọ́ nù, Má-fà-mí kan gbogbo abọ́ mọ́ tábìlì. Bí wọ́n bá jẹun tán, òun àti ìyàwó a gbé tábìlì jáde, wọn a dojú rẹ̀ dé inú adágún, wọn a mì í.

"Ẹ mà kú iṣẹ́ o," ni ìyá wí. "Àwọn àga ńkọ́, ṣé wọ́n ti wẹ̀?"

Ó tún kan ọkọ̀ kan tó ní orí méjì tí kò ní ìdí, kó má baà sí ẹni tí yóò sọ pé òun ń padà sẹ́yìn. Oníbàárà kan bi í pé èwo ni ìdí ọkọ̀. Ó ní, "Ibi tí o bá fìdí sí ni."

Nígbà tí òjò pọ̀, àìsàn dá ìyá wó. Mímí di iṣẹ́. Omi ti bo ọ̀nà ilé ìwòsàn, ọkọ̀ nìkan ló lè débẹ̀, ìyàwó kò sì lè dá gbé ìyá rẹ̀. Ó sáré wá bá ọkọ rẹ̀.

"Bàbá, ìyá mi ń lọ."

Má-fà-mí dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ilẹ̀ ìyá, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó wọlé padà. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìṣó tó ń ké. Ọkùnrin náà ń tú pátákó ilẹ̀ pálọ̀.

"Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń mú ilé mi gùn sí i."

Ó to pátákó láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó tò ó gba èbúté, ó tò ó wọ yàrá ìyá. Orí ilẹ̀ pálọ̀ tirẹ̀ ló rìn dé ìdí bẹ́ẹ̀dì àna rẹ̀.

Ìyá lajú. "N kò wọ ọkọ̀ tó ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀."

"Ẹ̀gbẹ́ kejì lẹ ó jókòó sí, mà."

Ó pọ̀n ọ́n, ó gbé e sínú ọkọ̀, ó ń tukọ̀ lọ sílé ìwòsàn nínú òjò. Omi ń kún inú ọkọ̀, gbogbo abọ́ wọn sì wà lára tábìlì nílé. Fìlà ọkọ rẹ̀ ni ìyàwó fi gbọ́n omi títí wọ́n fi gúnlẹ̀.

Ara ìyá yá. Ó dé ilé, ó ní bí òun ṣe ń dákú tó, òun mọ̀ pé ọkọ̀ náà fẹ̀gbẹ́. Wọ́n bá ìjà wọn lọ. Má-fà-mí kò kó pátákó náà kúrò nílẹ̀ mọ́, pálọ̀ sì wà láìnílẹ̀. Àlejò a jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ a wà nínú omi. Má-fà-mí ní bó ṣe dáa nìyẹn, òun lè pẹja láìdìde lórí àga.

Orí àga yẹn náà ló kú sí, pẹ̀lú okùn ìwọ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fa okùn náà sókè, ẹja wà lẹ́nu ìwọ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ará etí omi pé sọ́dọ̀ ìyàwó, wọ́n ń sọ̀tàn rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Lọ́jọ́ tó pọ̀n mí," ló wí nígbà tó yá, "ó sọ̀rọ̀ kan sí mi létí."

Ìyàwó yíjú sí i. "Kí ló sọ?"

"Ó ní, 'Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kú. Ta ni n ó máa bá jà?'"

Ìyàwó kò gbọ́ ọ rí kí ọkọ òun pe ìyá òun ní Màámi. "Ẹ̀yin wá sọ kí ni?"

"Mo ní kó máa wo iwájú rẹ̀, kó má gbé mi ṣubú." Ìyá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tirẹ̀. Mi ò kú. Òun ni kò dúró kí èmi náà bẹ̀ ẹ́ pé kó má kú."