Ẹ́ńjìnnì Tí Etí Kò Gbọ́

Ẹ́ńjìnnì elépo ni ọ̀rẹ́ mi fi ń pẹja láti ọjọ́ pípẹ́. Bó bá kù díẹ̀ kó dé ibi tó ń dẹ àwọ̀n sí, á pa á, á fi àjẹ̀ tu ìyókù, kí ariwo má baà lé ẹja. Ní báyìí, apá ọ̀tún rẹ̀ kò gbé àjẹ̀ mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tíṣà ní Àgọ́-Ìwòyè, wá ra ẹ́ńjìnnì oníbátìrì fún un, ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀ létí omi ní Efire:

"Bàbá, bí wọ́n bá fi ọkọ̀ ẹlòmíràn wọ́ yín dé lónìí, ẹ ó fi ẹja pípa sílẹ̀, ẹ ó bá mi lọ sílé nìyẹn."

Èmi náà wọ ọkọ̀. Mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa iná mànàmáná ní yunifásítì nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú, mo sì fẹ́ rí bí bátìrì yóò ṣe gbé àgbà méjì lórí ọ̀sà.

"Akọ̀wé, jókòó sáàárín," ọ̀rẹ́ mi wí. "Ìwé inú orí rẹ ti wúwo jù."

Ó yí ọwọ́ ẹ́ńjìnnì, a gbéra. N kò gbọ́ nǹkan kan àfi omi tó ń lá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Nígbà èwe wa, a máa ń dá ẹ́ńjìnnì olúkúlùkù mọ̀ láti òkèèrè, a ó ní baba lágbájá ló ń bọ̀ yẹn. Èyí kò kéde ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹyẹ funfun orí koríko kò tilẹ̀ fò.

Nígbà tí a dé ibi ìdẹ àwọ̀n, ọ̀rẹ́ mi dín ìrìn ẹ́ńjìnnì kù, ó fetí sílẹ̀. Kò gbọ́ ariwo, ó gbà pé ẹ́ńjìnnì ti kú, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọ̀n sómi. Lójijì, àwọ̀n ń sá lọ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹja ńlá rèé o!"

"Ẹja kọ́! Ẹ́ńjìnnì rẹ ló ń jẹ ẹ́!"

Ó fa wáyà bátìrì yọ. Àwọ̀n ti wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí lábẹ́ omi. Apẹja kan tó ń kọjá béèrè bóyá kí òun wọ́ wa.

"Rárá o!" ni ọ̀rẹ́ mi yára dáhùn. "A ń sinmi ni."

Ó ki ọ̀bẹ bọ àwọ̀n náà, ó gé e kúrò.

"Báwo lo ṣe máa mọ̀ bóyá ó ti kú lẹ́ẹ̀kejì?" mo bi í.

Ó so wáyà padà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé orí ẹ́ńjìnnì, ó dijú. "Fọwọ́ kàn án."

Mo fọwọ́ kàn án. Ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, bí àyà ẹyẹlé tí èèyàn dì mú.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, ọmọ rẹ̀ wo ẹ̀yìn wa, ó wo àwọ̀n tó ya.

"Ta ló wọ́ yín?"

"Bi akọ̀wé."

"Kò sẹ́ni," ni mo wí.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé bátìrì jáde nínú ọkọ̀.

"Ṣọ́ọ̀ṣì tó ní sọ́là ni ká ti lọ ṣáàjì rẹ̀," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká yára, oòrùn ń lọ."