Ojúde Tí Ìyá Ọkọ Mi Gbá

Ìyá ọkọ mi wá kí wa ní Courtice, ní Kánádà. Wọ́n ní ìyàwó ilé gbọ́dọ̀ gbá ojúde kí aládùúgbò tó jí, yìnyín ìbáà bò ó. Mo ní ọkọ̀ tó ń ti yìnyín ojú títì sí ẹ̀gbẹ́ ò tíì kọjá; wọ́n ní ọ̀lẹ ni mí. Mo gbá a tán, ọkọ̀ náà ti òkìtì yìnyín padà síwájú ilé wa. Màmá wò ó: "O ò gbá a mọ́."

Nígbà tí fóònù tún kéde pé yìnyín ń bọ̀, mo gbé ṣọ́bìrì fún wọn: "Ẹ wá kọ́ mi, mà." Wọ́n gbá a tán. Mò ń mu tíì, mò ń retí ọkọ̀ náà. Ó kọjá. Mo jáde, mo kúnlẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ ò gbá a mọ́."