Ọ̀nà tí Bàbá Fi Ẹ̀kùrọ́ Tò Sórí Ẹní

Ọmọ́táyọ̀ Gébúrẹ́lì Àkànní, ọmọ Akínlòtu. Àkànní ọkọ Adétutù, bàbá àwọn ìbejì. Ọmọ a-fi-kòkó-kọ́lé, ọmọ a-fi-epo-gba-àlejò. Àgbà nínú ilé àdúrà, ẹni tí í ké halelúyà tí aláìsàn fi í dìde jókòó. Àbúrò mi ni. Èmi ni mo gbé e jó nígbà tí kò tíì hu eyín, èmi náà ni mo ṣẹ́ kù tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí nípa rẹ̀. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Bí ẹ bá rí ibi tí lẹ́tà wọ́ sí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú fò ó.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Odigbo, òórùn púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tiwa, ló máa ń jí mi. Ìyé, bẹ́ẹ̀ la ń pe ìyá nílé wa, á ti mọ ẹ̀gẹ́ rírẹ ní róbótó róbótó sórí àtẹ tó wà lókè iná, èéfín á sì máa ta wá lójú láti orí ẹní tí a sùn sí. A ó pọnmi lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó lọ síléèwé. Bí a bá dé, a ó fi ẹsẹ̀ yí kòkó tí a sá, kí abẹ́ rẹ̀ lè gbẹ. Bí Bàbá bá sì ti yíjú, a ó ta òkòtó láàárín kòkó náà títí ọwọ́ á fi tẹ̀ wá. Ìyà tiwa kò ju pé kí a kúnlẹ̀ kí a gbé apá sókè. Ìyé á ní, "Kí n má rí i kí apá yẹn wá sílẹ̀ o, Fúnmi," á wá máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni tó ti gbàgbé pé òun bí mi.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí ayé ṣọ́jà yẹn. Gbogbo nǹkan ló wọ́n. Ṣúgà wọ́n, mílíìkì wọ́n, ọṣẹ gan-an wọ́n débi pé eérú èèpo kòkó la fi ń ṣe tiwa. Ibikíbi tí wọ́n bá ti ń ta ọjà, láìnì ni, ṣọ́jà á sì dúró ti láìnì náà tòun ti kòbókò.

Lọ́jọ́ kan, Ìyé gbọ́ pé mílíìkì dé sí Ore. Ọyàn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sẹ̀ mọ́, Táyọ̀ kò sì tíì pé ọmọ ọdún kan. Ó pọ̀n ọ́n, ó fà mí lọ́wọ́, a lọ. Oòrùn ọjọ́ náà kò ṣeé ṣàlàyé. Nígbà tí ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lẹ́yìn rẹ̀, Ìyé bọ́ sí iwájú láìnì láti bẹ àwọn tó ń tajà. Ni ṣọ́jà kan bá dé, eyín iwájú rẹ̀ kan ti kán, àpá gbọọrọ sì wà létí rẹ̀. Ó ní kí Ìyé kúnlẹ̀ sẹ́bàá títì, kí ó gbé apá rẹ̀ méjèèjì sókè.

Mi ò rí i rí kí wọ́n fi irú ìyà tiwa jẹ àgbàlagbà. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ń wo ilẹ̀. Táyọ̀ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀, apá Ìyé sì ń gbọ̀n. Bí ṣọ́jà náà ṣe yíjú sí ẹlòmíràn, Ìyé dìde, ó fà mí lọ́wọ́, a sá wọ inú ọkọ̀ Odigbo kan tó ń lọ. A gbọ́ ohùn ọkùnrin yẹn lẹ́yìn wa. Ó fi Píjìn pariwo pé òun ti mọ ojú obìnrin yìí, pé ọjọ́ tí òun bá tún rí i lórí títì, òun á tì í mọ́lé tọmọtọmọ.

Láti ọjọ́ yẹn, Ìyé kò dé etí títì mọ́. Bí ọkọ̀ bá fọn fèrè níta, á ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni gìrì mú Táyọ̀. Wọ́n gbé e dé ilé ìtọ́jú tó wà nítòsí, àwọn tó wà níbẹ̀ ní kò sí oògùn, kí a máa gbàdúrà. A ti ń gbàdúrà ná. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ilé àdúrà wa ló wá sọ pé Nọ́ọ̀sì Dọ́káàsì, tó ti fẹ̀yìn tì sí Ajue, ṣì ní abẹ́rẹ́ tó ń lé gìrì. Inú wa ì bá dùn, àmọ́ àwọn ṣọ́jà ti to àgbá àti ìtì igi sórí títì tó lọ sí Ajue, ẹnìkan tó ń ra epo lọ́wọ́ Ìyé sì ti sọ fún un pé ẹléyín kíkán yẹn ti wà lára àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀.

"Ẹ gbé ọmọ lọ fúnra yín," Ìyé sọ fún Bàbá.

"Kí n fún un ní kí ni bí ebi bá pa á? Ṣé èmi ni mo lọ́yàn ni?"

"Bó bá wá tì mí mọ́lé ńkọ́?"

Bàbá gbá kòkó tí a sá sí apá kan ẹní, ó bu ẹ̀kùrọ́ nínú apẹ̀rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lọ́nà oko tiwa, kì í ṣe máìlì la fi ń ka ọ̀nà. Orúkọ ẹni tó ni oko la fi ń kà á. Bí o bá dé etí oko onítọ̀hún, o ó dúró, o ó ké pé "Ẹ kú iṣẹ́ o!" títí á fi dá ọ lóhùn. Òun ló mọ ibi tí òun dẹ pàkúté sí, òun ló sì máa sìn ọ́ kọjá. Ẹni tó bá wọ oko olóko láìké, bí wọn ò bá pè é lólè, irin lè gé e lẹ́sẹ̀.

Bàbá fi ẹ̀kùrọ́ kan lélẹ̀. "Oko Bàbá Akinmádé rèé. Igi obì méjì ló wà létí ẹ̀."

"Ṣó ṣì wà láyé?" Ìyé bi í.

"Mo rí i ní Kérésì."

Ó fi ìkejì lélẹ̀. "Ìyá Ròkẹ́ ológbo méje."

"Òun náà ṣì wà láyé?"

"Ìyá Fúnmi, ṣé orúkọ òkú ni mo ń kà ni?"

"Mo kàn ń béèrè ni. Mi ò fẹ́ kí òkú máa júwe ọ̀nà fún mi."

Ìkẹta ni Pà Jeremáyà. Ìyé la ẹnu, Bàbá ti dá a lóhùn: "Ẹni yẹn? Ikú gan-an ń bẹ̀rù ẹ̀!" Lẹ́yìn Pà Jeremáyà, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ dábùú ẹní, ó ní odò nìyẹn, bí a bá ti la odò, Ajue ti dé. Ọdún mélòó ni Bàbá ti rin ọ̀nà náà kẹ́yìn? Ìyé kò bi í léèrè yẹn.

Ó wá kọjú sí mi. Ó ní kí n ka orúkọ wọn. Ó ní bí ohunkóhun bá ṣe òun àti Ìyé lọ́nà, èmi ni mo máa mú ọmọ dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Akinmádé, Ròkẹ́, Jeremáyà, odò. Mo kà á nídìí púpurú, mo kà á létí odò.

A gbéra bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Bàbá kó ẹ̀kùrọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sápò, ó ní oko tí a bá kọjá, òun á ju ọ̀kan sílẹ̀. Kí n má parọ́, ọ̀nà náà dára. Ewé kòkó gbígbẹ tẹ́ bíi tìmùtìmù, èso kòkó pọ́n wẹ̀ẹ̀ lára igi, oòrùn ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, olú funfun hù sára igi tó wó. Bí kì í bá ṣe èémí Táyọ̀ tó ń dún hùn-ùn hùn-ùn lẹ́yìn Ìyé, mo lè kọrin. Gbogbo igi tó bá ṣẹ́, ṣọ́jà ni lójú mi.

Bàbá Akinmádé dá wa lóhùn, ó sìn wá kọjá. Ẹ̀kùrọ́ kan bọ́ sílẹ̀. Ìyá Ròkẹ́ fún wa ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, ó sì ń fi wá ṣẹ̀sín: "Ẹ̀yin tí ìjọba yọ́ ọ̀dà sílẹ̀ fún, inú igbó lẹ wá ń rìn bí ẹtu?" Ìyé fi ìgbọ̀nwọ́ gún Bàbá, ó rọra ní kí ó béèrè Pà Jeremáyà.

"Kí ni mo fẹ́ béèrè?" ni Bàbá wí. Ó ju ẹ̀kùrọ́ kejì, a lọ.

Létí oko Pà Jeremáyà, Bàbá ké lẹ́ẹ̀kan. Ó ké lẹ́ẹ̀kejì. Ó ké lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn ara rẹ̀ ló padà wá bá wa. Ahéré ti wó. Igbó ti bo ojú ọ̀nà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré náà, òkìtì ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ri àgbélébùú sí, wọ́n sì kọ nǹkan sí i lára. Èmi tí mo mọ̀wé ni wọ́n ní kí n lọ kà á. Jeremáyà ni.

Ìyé kò sọ pé òun sọ ọ́. Bàbá kàn dúró, ẹ̀kùrọ́ kẹta wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo igbó tí kò sí ẹni tó mọ iye pàkúté tó wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni gìrì tún ti gbé Táyọ̀. Ojú rẹ̀ yí padà, ara rẹ̀ le gbagidi bí igi ìdáná. Ìyé ké orúkọ Jésù lẹ́ẹ̀meje.

Ọ̀nà gbòòrò kan wà lápá òsì tí agbégilódò ti fi táyà là. Bàbá ní a kò ní ọ̀nà mìíràn mọ́, ibi tí èyí bá yọ sí, èèyàn á wà níbẹ̀. A ń sáré, a ń rìn, a ń sáré. Kò pẹ́ tí mo fi ń gbọ́ òórùn ọ̀dà. Kí a tó mọ̀, igbó tán, títì rèé, àgbá àti ìtì igi rèé níwájú wa gangan. Ọkùnrin tó jókòó lórí àgbá gbójú sókè. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti kán.

Bàbá fẹ́ fà wá padà. Ìyé wo ọmọ, ó wo igbó, ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀." Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó rìn lọ bá ṣọ́jà náà, ó kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná, ó sì gbé apá rẹ̀ méjèèjì sókè. Ó ní, "Mo ti dé. Ẹ tì mí mọ́lé. Ẹ ṣáà jẹ́ kí bàbá ẹ̀ gbé ọmọ kọjá."

Mo ń ka orúkọ nínú ẹnu mi, Akinmádé, Ròkẹ́, mi ò lè kà kọjá ibẹ̀. Ìtọ̀ ń ṣàn lẹ́sẹ̀ mi.

Ṣọ́jà náà kò gbọ́ Yorùbá. Ó wo Ìyé, ó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó fi Píjìn bi wọ́n pé ta ló ní kí màmá yìí kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ìka kan ṣí aṣọ lójú Táyọ̀, ojú òun ṣọ́jà náà yí padà. Ó pariwo mọ́ awakọ̀ kan tó kó ẹ̀gẹ́, tí wọ́n dá dúró, pé kí ó gbé wa lọ sí Ajue kíá, bí ó bá sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, òun mọ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀.

Orí ẹ̀gẹ́ la jókòó sí. Nígbà tí ọkọ̀ rìn jìnnà, Ìyé ní, "Kò mọ̀ mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mi ò fi lè sùn, ọkùnrin yẹn kò mọ̀ mí rárá." Ó bú sẹ́kún. Mi ò mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn tàbí inú ń bí i, títí di òní.

Nọ́ọ̀sì Dọ́káàsì gún un lábẹ́rẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, Táyọ̀ ti ń fa ọyàn. Ó dàgbà, ó gbin kòkó tirẹ̀, ó gbéyàwó, ó bí ìbejì, ó sì jẹ́ kí n máa pe òun ní ọmọ ọwọ́ títí irun rẹ̀ fi funfun. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú un lọ.

Nígbà tí a ń múra ìsìnkú, àwọn ìbejì rẹ̀ jókòó ti fóònù, wọ́n ń wá ọ̀nà tí àwọn ẹbí wa ní Araromi-Obu máa gbà wá. Fóònù fi ọ̀nà oko kan hàn wọ́n, ó ní òun ló yá. Gbogbo ilé pariwo pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà á, nítorí àwọn ajínigbé. Nígbà tiwa, ẹ̀rù títì ló ń lé wa wọ igbó. Nísinsìnyí, ẹ̀rù igbó ti lé gbogbo ayé sórí títì, títì náà kò sì fi ọkàn ẹni balẹ̀. Fóònù mọ orúkọ ọ̀nà, kò mọ orúkọ ẹnì kankan tó ni oko níbẹ̀. Èmi mọ̀ wọ́n, kò sì sí èyí tó lè jẹ́ mi mọ́ nínú wọn bí mo bá ké. Ìdajì àwọn ará Araromi-Obu kò lè wá.

A sin Ọmọ́táyọ̀ àbúrò mi lọ́jọ́ Ẹtì, ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyé, ní Odigbo.