Òróró Inú Maṣíìnì Ìyá Mi

Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá mi fi ṣe alásè ilé-ìwé, wọn ò sì mọ àìsàn kankan tí òróró ò lè wò. Ilẹ̀kùn ń dún, òróró. Bàtà gan, òróró. Nígbà tí ìyá mi lọ gbé oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bàbá mi wá ronú ohun tí wọn ó fi kí ìyá mi káàbọ̀. Wọ́n gbé òróró tí a fi ń dín ẹyin, wọ́n dà á sí gbogbo ihò tó wà lára maṣíìnì ìránṣọ ìyá mi. Wọn ò fo ìkankan.

Kí ìyá mi tó dé, òróró ti gbẹ sínú irin, ó lẹ̀ bí oje igi. Àgbá maṣíìnì, kẹ̀kẹ́ tó ń gbé abẹ́rẹ́ sókè sódò, ò yí mọ́.

Maṣíìnì dúdú, wúwo, olódòdó wúrà yìí ni ìyá mi fi tọ́ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ra tuntun tó ń lo iná, ìyá mi gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní ó ń sáré jù, ta ló ń lé e? Aláṣejù ẹ̀gbọ́n mi ti bá ẹni tó ń ra irin àlòkù sọ ọ́ pé kó wá gbé ti àtijọ́ lọ́sàn-án Sátidé.

Ìyá mi ò bínú, wọ́n kàn fi aṣọ bo maṣíìnì náà. Bàbá mi ò lè jókòó síbi tí aṣọ náà wà mọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, ìyá mi ró ìró wọn le. "Bí kò bá yí kí ọkùnrin yẹn tó dé, kó máa gbé e lọ. Mi ò lè máa tọ́jú òkú irin."

Wọ́n dojú maṣíìnì bolẹ̀ lórí ìwé ìròyìn. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ wa ihò rẹ̀, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti kẹrosíìnì fọ eyín irin inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àgbá ò mì. Ẹ̀gbọ́n mi gbé òòlù dé.

"Gbé e padà síbi tí o ti mú un," ìyá mi wí. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Bàbá mi tó ti ń yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn wúkọ́. "Ìyá wọn, ọ̀rá tó bá dì sídìí ìkòkò, ẹ gbé ìkòkò náà sí ooru ná."

Ìyá mi gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wa jọ gbé irin náà sínú oòrùn. Nígbà tó gbóná dáadáa, wọ́n tún fi kẹrosíìnì nù ún. Oje dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde. Àgbá yí díẹ̀, ó dúró, ó tún yí, ó sì yí po! Inú mi dùn débi pé mo pariwo.

Ìyá mi na ìgò epo maṣíìnì gidi sí bàbá mi. "Ẹ kán an sí i, olówó orí mi. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan o. Ọbẹ̀ kọ́ là ń sè."

Bàbá mi ò kán ju ẹyọ kan sí ihò kan.

Ọkùnrin onírin tòun ti ọmọlanke rẹ̀ dé lọ́sàn-án. Ìyá mi ti jókòó sídìí maṣíìnì, ẹsẹ̀ wọn ń lọ sókè sódò. Wọ́n rí i pé àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti já, wọ́n ní kó bọ́ ọ wá. Ó dúró tòun ti singilẹ́ẹ̀tì, ó ń wo àyíká.

"Ẹ ṣé, màmá. Irin tí wọ́n ní kí n wá gbé dà?"

"Òun ló ń rán àpò yín yìí," ìyá mi dáhùn, wọ́n sì já òwú.