Ààlè Orí Oko Bàbá Mi

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni àwọn fijilanté tó ń ṣọ́ ìlú mú ọkùnrin kan wá bá mi nílé bàbá mi ní Òkè-Onígbìn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ dé láti Òrò ni, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí ohun tó ń sọ ènìyàn di ọ̀daràn àti bí a ṣe lè dènà rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ní ìṣẹ́ ni: ayé ń fi ohun rere han ènìyàn, kò sì la ọ̀nà tí yóò gbà dé ibẹ̀ fún un. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, ẹgbẹ́ burúkú ló ń bà á jẹ́. Àwọn kan tún rò pé bí ìyà bá tètè dé, tó sì dájú, olè á ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Ní tèmi, mo fara mọ́ àwọn tó ní bí a bá ń pe ènìyàn ní olè, tí a ń sá fún un, ó pẹ́ ó yá, á jalè. Mo ti jà fún ọ̀rọ̀ yìí débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fi ń ṣe mí yẹ̀yẹ́.

Mo mọ ọkùnrin náà dáadáa. Ó ti kọ ebè fún bàbá mi rí, kó tó lọ ṣẹ̀wọ̀n nítorí ewúrẹ́ kan. Láti ìgbà tó ti dé, kò sẹ́ni tó gbà á síṣẹ́.

Oko wa ni àwọn fijilanté ti bá a, lẹ́bàá iná, pẹ̀lú iṣu méjì. Bẹ́ẹ̀ ni ààlè bàbá mi wà lẹ́nu ọ̀nà oko: àlòkù bàtà, ṣùkù àgbàdo àti akísà pupa tí a so mọ́ igi, kí olè lè mọ̀ pé olóko ti kìlọ̀.

Bàbá wà ní ọsibítù ní Ìlọrin. Èmi ni àkọ́bí, èmi náà ni wọ́n bi léèrè. Ọ̀gá wọn ní, "Àǹtí, oko yín ni. Bí ẹ bá ní ká fi í sílẹ̀, a ó fi í sílẹ̀."

Ọkùnrin náà ní, "Ọmọ bàbá wa, ebi ló pa mí. Mi ò gbé nǹkan kan lọ. Ibẹ̀ ni mo ti ń sun ún jẹ."

Mo gbọ́ ohun tó sọ. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Lásìkò yẹn, ajínigbé ò jẹ́ ká rìn lọ́nà oko mọ́, gbogbo àdúgbò sì ń wo ẹnu mi. Inú tún ń bí mi pé bàbá mi wà lórí àìsàn, ẹnìkan ń wa iṣu rẹ̀. Mo ní, "Olè ni. Ẹ máa mú un lọ."

Mo wọlé, mo sì jẹun. Mo jẹ ẹ́ tán, mi ò ní purọ́.

Wọn ò mú un dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti lù ú, kó tó dé ọsibítù ní Òmù-Àrán, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kú lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí bàbá dé, ó ní kí n mú òun lọ sóko. Eérú ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú èèpo iṣu. Ó fi ọ̀pá tú u wò.

"Mélòó ló gbé jáde?"

"Kò gbé ìkankan jáde, bàbá."

"Ẹni ebi ń pa, tó sun iṣu lóko olóko, tó jẹ ẹ́ níbẹ̀, tó lọ lọ́wọ́ òfo, ṣé olè nìyẹn? Ṣé mi ò kọ́ ọ ni?"

Ó kọ́ mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, òjò ká wa mọ́ oko ẹlòmíràn, ó sì sun iṣu ibẹ̀ fún mi. Ó fi èèpo rẹ̀ sójú ọ̀nà, kí olóko lè rí i pé a ò gbé e lọ sílé. Mo rántí bí iṣu náà ṣe gbóná lọ́wọ́ mi. Bàbá tú ààlè náà kúrò lára igi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ náà dìde ní kíláàsì. "Mà, nínú gbogbo àlàyé tí ẹ ṣe fún wa, èwo ló mú ọkùnrin yẹn dẹ́ṣẹ̀?"

Mo ní kò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Mo ní èmi ni mo dẹ́ṣẹ̀, ebi ò sì pa mí.